Ojú Ìwé Àlejò

Ọmọbìnrin náà ti ka ìlà méjì tán kí Àǹtí Pẹ̀lẹ́ tó rí i pé ohun tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ìwé tó gbé lọ́wọ́.

"Bàbá mi ní ọkọ̀ kékeré kan," ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ń dún geere. "Ọkọ̀ náà pupa fòò. Ó ń gbé wa lọ sí oko."

Ìka rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Bó bá dé òpin ìlà, ìka náà á fò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Ṣùgbọ́n kò sí bàbá lórí ojú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀. Obìnrin kan ló wà nínú àwòrán ibẹ̀, tó ń sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn nítorí òjò tó ṣú. Ìwé tuntun ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n tú u jáde nínú páálí, kí àlejò lè bá a lórí tábìlì. Àwọn tó tún un tẹ̀ ti ṣí ẹ̀kọ́ nípò padà: ọkọ̀ bàbá ti lọ sẹ́yìn, òjò ti gba àyè rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ronú láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí nọ́ńbà ojú ìwé ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀.

Alábẹ̀wò ilé-ìwé dúró sẹ́yìn ọmọ náà gan-an, ikùn rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé. Ó ń mi orí. Nígbà tí ọmọ náà parí, tó pa ìwé dé jẹ́jẹ́, ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́, gbogbo yàrá sì bá a pa á. Ó ní ọmọ tó mọ̀wé nìyí, ó ní ibi tí ìyá rere bá wà, ọmọ rere kì í wọ́n níbẹ̀.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kò pàtẹ́wọ́. Òun ni tíṣà kíláàsì kẹta, òun ló ni yàrá náà, òun ló sì kọ́ ọmọ náà ní ìka rírìn. Nítorí pé kì í na ọmọ, tó jẹ́ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" ló máa ń wí fún èyí tó bá ṣubú àti èyí tó bá ṣì í, ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu lè ṣìṣe, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣìṣe. Ìka yẹn ló rìn ín lára. Ìka tó ń purọ́ láìmọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, tó ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òjò, tí ẹnu ń sọ ti ọkọ̀. Àfi bí ẹni jẹ ẹyin, tó bá òórùn pàdé ní àárín rẹ̀.

Gbogbo tíṣà ilé-ìwé náà ló mọ̀ nípa ojú ìwé àlejò. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí taámù bá ti wọlé, wọn á mú ojú ìwé kan, wọn á máa kọ ọ́ lórin láàárọ̀ títí yóò fi mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu bí àdúrà. Bí àlejò bá dé, ojú ìwé yẹn ni wọn á ní kí ọmọ ṣí. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ ò ní wá a rárá kí ẹ tó rí i: ìwé náà fúnra rẹ̀ á là síbẹ̀, ibẹ̀ á ti dúdú fún ìdọ̀tí ìka, àwọn ojú ìwé yòókù á sì funfun báláú bí ìgbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ti gbà pé bí a ṣe ń gbálẹ̀ de àlejò ni. Ta ni í fi ilé ìdọ̀tí pàdé àlejò? Ohun tí kò rò rí ni pé ẹnu ọ̀nà nìkan ni àwọn ń gbá, tí inú ilé ń rà.

Nígbà tí àwọn àlejò ń jáde, àwọn tíṣà ọkùnrin tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọ̀gá ilé-ìwé bí wọ́n ti máa ń ṣe:

"Ọ̀gá wa, ọ̀gá nílé, ọ̀gá lẹ́yìn odi,
Abiyamọ tí í kọ́mọ ọlọ́mọ bí ẹni kọ́ tirẹ̀,
Afínjú olùkọ́ tí ẹfun kì í ta sí láṣọ,
Agbàlejò-kí-inú-àlejò-dùn."

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ ti gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó kàwé yẹn, tí wọ́n ń pè ní Olóhùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ilé rẹ̀ ló ń gbé. Oríkì yẹn kò wá dùn létí Àǹtí Pẹ̀lẹ́ mọ́. Lójú ara rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ nínú ìlà tó kẹ́yìn.

Ó tẹ̀ lé Ọ̀gá wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ọ̀gá lásán fún un: ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó bá a wá iṣẹ́ náà, tó sì ń pè é ní "Ìyàwó" lójú gbogbo tíṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ra èkejì lábẹ́ tábìlì. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó rọra sọ ohun tó rí.

"Mo rí i," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ rí i, mà?"

"Ìyàwó, ojú mi ò fọ́. Alábẹ̀wò ńkọ́, ṣé òun náà rí i?"

"Mi ò rò pé ó rí i, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀la, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òjò. Kí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu kí wọ́n tó padà wá."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ dúró. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kù. Ọ̀gá gbé ojú sókè, ó ní kó bá òun ti ilẹ̀kùn bó bá ń lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ńlá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bá alábẹ̀wò wá dúró sí ìbòòji ògiri, ó ń dọ́gbọ́n tún okùn bàtà so. Ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà níṣẹ́, iṣẹ́ ìwádìí ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Olùwádìí. Kò kí ìkíni gígùn. Ó béèrè bóyá Àǹtí Pẹ̀lẹ́ rí òjò lórí ojú ìwé yẹn. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ní òun rí i. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ti rò pé òun nìkan ni òun lójú nínú yàrá yẹn. Ó wá sọ fún un nípa Ẹgbẹ́ Ayẹ̀kọ́wò: àwọn tíṣà àti òbí tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí bí ọmọ ṣe ń mọ̀wé, tí wọ́n sì ń bá àwọn aláṣẹ fà á pé kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀nà ìkọ́ni kankan ka ọmọ lórí láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí a sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé wọn.

Ọkọ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wẹ́dà ni, ọkùnrin onísùúrù tí í jó irin mọ́ irin láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló dàgbà lé lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló wẹ̀ ẹ́, tó fún un lóúnjẹ, tó mú un lọ sí ilé-ìwé, tó tún mú un lọ síbi iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tí Ọ̀gá sọ ní ọ́fíìsì, ó ní ó ṣì í gbọ́ ni.

"Àǹtí mi ò lè mọ̀," ó wí. "Bó bá mọ̀, ò ní ṣe é."

"Ó ní òun rí i."

"Ìyẹn ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò rò." Ó ní bó bá fẹ́ bá wọn ṣẹgbẹ́, kó ṣe é, òun kò ní dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n kó má ṣe gbé orúkọ ilé àwọn dé ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ atẹ̀wé kan ni wọ́n ti ń pàdé, nínú yàrá tí òórùn tàdáwà kún inú rẹ̀, tí àwọn òkìtì bébà di àga fún ẹni tí kò bá rí bẹ́ńṣì. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ti retí àwọn ènìyàn ńlá. Ẹni tó jókòó síwájú ni bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹ̀rí, nítorí pé ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ, "ẹ̀rí dà?" ni yóò fi dá a lóhùn. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kí i pé ẹ kú àárọ̀ nígbà kan, ó ní ẹ̀rí dà. Ẹni tó jókòó tì í ni obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, Ìyá Oníkáàbúrétọ̀. Ọmọkùnrin tirẹ̀ ti jáde ilé-ìwé pẹ̀lú ẹ̀bùn, ó mú un wá sí ìsọ̀ kó máa ràn án lọ́wọ́, ó ní kó fún oníbàárà ní páálí búrékì, ọmọ kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ti púlọ́ọ̀gì ló gbé fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n gbé pátákó, kí wọ́n fi ariwo gba ìgboro. Baba Ẹ̀rí ní bí àwọn bá gbé ariwo lọ, ariwo ni wọn yóò fi dá àwọn lóhùn. Ẹni tó ń pariwo olè, tí kò lè tọ́ka ibi tí olè gbà, òun gan-an ni wọn yóò mú. Ó wá kà fún wọn ohun tí wọ́n rí ní àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti yẹ̀ wò: ibi tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti bí a ti ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin. Èyí tí kò fara mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ pàápàá, ó kà á. Ó ní ilé-ìwé kan wà tí ọ̀nà àwọn kò ti ṣiṣẹ́, àwọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó wí.

Láti ìgbà tí Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, kò tíì gbọ́ kí tíṣà dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní èyí tí òun ṣe kò ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ fà sí wọn nítorí ìyẹn. Ó ní òun fẹ́ wọlé.

"Ó lófin," ni Baba Ẹ̀rí wí. "Tíṣà tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ yẹ kíláàsì ara rẹ̀ wò. Ojú ìwé tí wọn ò rí rí, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Yóò wá dìde níbí, yóò sọ ohun tó bá níbẹ̀, yóò sì dárúkọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbá ọjà, kó kọ́kọ́ gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀."

Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó ń pe àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ ìtàn kúkúrú kan fúnra rẹ̀, ti ajá tó gbé bàtà olówó rẹ̀ sá lọ. Ó ti gbàdúrà kó tó bẹ̀rẹ̀: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ àkọ́kọ́ wo bébà náà, ó fi ìka lé e, ó ní, "Bàbá mi ní ọkọ̀ kékeré kan." Èkejì dákẹ́. Ẹ̀kẹta náà dákẹ́, ṣùgbọ́n kò wo bébà rárá; ẹnu Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń gbójú sókè wo ètè rẹ̀, bí ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́ tó ń retí ìyá rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó kà á, àwọn tí ẹnì kan ń jókòó tì nílé ni. Nígbà tó kan Olóhùn, ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i, kò bẹ̀rù rárá.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ pè é fún mi," ó ní. "Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó rí i, màá kà á ju gbogbo wọn lọ."

Òótọ́ ló sọ. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, yóò kà á ju gbogbo wọn lọ. Orí ọmọ náà pé, ó pé púpọ̀, òun náà ni wọ́n sì ti fi dì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, ó ń tutọ́, itọ́ náà ò tán. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ẹfun wà ní èékánná. Ó fọ̀ ọ́. Ó tún un fọ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó rìn láàárín tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kíláàsì kẹrin ti gbé e dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá kò pè é sí kọ̀rọ̀; yàrá àwọn tíṣà ló wá bá a, nígbà tí gbogbo wọn péjọ. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà, ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí ìṣọ̀kan tí Ọlọ́run fi sí àárín wọn. Lẹ́yìn àmín, ó ní kí wọ́n bá òun kí Ìyàwó, ó ti di alábẹ̀wò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ pé ó fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ tà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ kan, níbi tí àwọn tíṣà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ti ń fi ìwádìí pa ìrònú rẹ́. Ó ní kò sí ohun tó burú. Ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ilé-ìwé yìí níbẹ̀, kí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ má wulẹ̀ padà wá láàárọ̀ Mọ́ńdè.

"Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú," ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Parí ẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Jọ̀ọ́, parí òwe fún àgbà."

Kò parí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà, gbogbo wọn sì ń wò ó bó ṣe kúnlẹ̀. Tíṣà kíláàsì kẹrin ń fi igi ṣẹ́ẹ́rẹ́ kan ta eyín.

Ó rò ó ní ọjọ́ Jímọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ kò wọ́pọ̀. Ọmọ méjì wà nílẹ̀. Ìbátan ni aṣọ, bó bá fún ni lọ́rùn, a kì í bọ́ ọ láàárín ọjà. Bó bá sọ fún wọn pé òun kò wọlé mọ́, ta ni yóò bi í? Àmọ́ bí ó bá ti pa ojú dé, ojú àwọn ọmọ yẹn ló ń rí, tí wọ́n ń wo ètè rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, ó ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Ọ̀gá gba ẹ̀yìn wọlé, ó mú Olóhùn lọ́wọ́. Kò wọ gèlè. Ìborùn ló fi bo orí, bí ẹni tó ń sá fún oòrùn. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé àga fún un. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà lọ jókòó sí abẹ́ igi lọ́hùn-ún, ó sì dákẹ́ títí ọmọ fi jìnnà.

"Wọ́n ní kò lè ka ti ajá," ó wí.

"Kò lè kà á, mà."

"Ọmọ yẹn ń ka Sáàmù fún mi láràárọ̀." Ó ń wo ọmọ náà. "Lánàá mo ní kó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n kọ́kọ́ pè é fún òun."

Àánú rẹ̀ ṣe Àǹtí Pẹ̀lẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, ó gbàgbé yàrá àwọn tíṣà. Ó ní kò tíì pẹ́ jù, ọmọ tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀, láàárín taámù kan yóò máa kà á. Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Kọ́ ọ fún mi ní ọ̀nà tiyín yẹn. Níbí yìí, lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Èmi náà á fọwọ́ wọ́nú. Ìpàdé yín, máa lọ, mi ò ní bi ọ́. Kí o ṣáà má dárúkọ wa."

"Àwọn yòókù ńkọ́, mà?"

"Àwọn yòókù wo?"

"Àwọn yòókù nínú kíláàsì. Ṣé kí n máa kọ́ wọn náà bẹ́ẹ̀?"

"Kí àlejò wá dé, kí wọ́n máa há lẹ́nu? Ìyàwó, ìwọ náà rò ó." Ó sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tí mo ti gba ẹfun sọ́wọ́ ni mo ti mọ̀. Ojú ìwé àlejò kì í kọ́ ọmọ níwèé, ó ń dáàbò bo ilé-ìwé ni. Ọmọ tórí ẹ̀ bá pé á fúnra ẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ iwájú. Àwọn tó kù á lọ kọ́ṣẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé ayé ò nílò wẹ́dà ni?"

Nǹkan kan dún nínú ilé, bí ẹni gbé ife kalẹ̀. Ọ̀gá kò fi etí sí i.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ṣe é jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi í síbẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, bí ẹni fọwọ́ kan ohun tó ń rà nínú omi. Obìnrin yìí mọ ibi tí oògùn wà. Ó mọ̀ ọ́n tó fi bo orí wá wá a fún ọmọ tirẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa kọrin lọ.

"Mà," ó ní, "màá kọ́ Olóhùn. Ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ńṣì rẹ̀ ni màá ti kọ́ ọ, láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ní gbangba. Ọ̀nà kan náà ni màá fi kọ́ gbogbo wọn. Mi ò ní kọ òjò yẹn lórin fún wọn."

"Bí mo bá ní kí o má ṣe é ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹ ó lé mi nìyẹn, mà."

Ọ̀gá fa ìborùn rẹ̀ síwájú orí. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí ọmọ náà láìpè é. Ó ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó ní kí Ìyàwó fi òwe yẹn sẹ́nu de ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ rò ó nínú ara rẹ̀. Ta ló fi itọ́ mọlé nínú àwọn méjèèjì? Wọ́n gba ẹ̀yìn jáde bí wọ́n ti gba ẹ̀yìn wọlé.

Ọkọ rẹ̀ ló wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tó yíjú padà. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ó mọ̀," ó wí.

Ó jókòó sórí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ohùn tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí ló fi sọ̀rọ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dún geere.

"Àdàbà kan bà lé òrùlé wa. Ó ń wò mí, mo ń wò ó. Mo ju àgbàdo sí i, ó sọ̀kalẹ̀ wá. Láti ọjọ́ náà ni àdàbà ti di ọ̀rẹ́ mi." Ohùn rẹ̀ padà sípò. "Kíláàsì Àǹtí mi ni mo wà nígbà yẹn. Èmi ló máa ń ní kí n dìde fún àlejò."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ sún mọ́ ọn.

"Bí o bá kọ ọ́ síwájú mi báyìí," ó ní, "mi ò mọ èyí tó jẹ́ àdàbà nínú wọn. Gbogbo ìgbà tí mo ní kí o bá mi ka nǹkan, tí mo ní iná iṣẹ́ ti ta mí lójú, irọ́ ni. Mo ti gbà pé orí mi ló kú. Mo rò pé Àǹtí mi ò mọ̀, pé mò ń tàn án jẹ ni. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti ń bà mí kó má baà mọ̀, kó má baà dùn ún."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ sọ pé pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ kọ́ ló kàn. Ó wọlé, ó wọ aṣọ, ó mú bébà ìtàn ajá dání. Nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ ti gbé alùpùpù síta, ó ń dúró dè é.

Ní ẹ̀yìn ìsọ̀ atẹ̀wé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ dìde nígbà tó kàn án. Ó sọ bí wọ́n ti ń wo ẹnu rẹ̀. Ó sọ iye àwọn tó kà á àti iye àwọn tí kò kà á, ó sọ pé òun ni tíṣà wọn. Ó wá dárúkọ ilé-ìwé. Ìyá Oníkáàbúrétọ̀ pòṣé, ó ní orúkọ tó dùn-ún gbọ́ ni láàárín ìgboro. Baba Ẹ̀rí kò béèrè ẹ̀rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún obìnrin náà láyè lórí bẹ́ńṣì.

Nígbà náà ló rí ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí èéfín irin ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, tó ń wo àwọn òkìtì bébà bí ẹni ń wo odò tí yóò là kọjá.

"Ẹ wọlé, ẹ má dúró síbẹ̀," ni Baba Ẹ̀rí wí. "Ṣé tíṣà ni ẹ̀yin náà?"

"Rárá, bàbá," ni wẹ́dà dáhùn. "Mo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́."